Kí Alẹ́ Sàn Wá Ju Òwúrọ̀ Lọ

Kò sí agboolé Yorùbá tí a kì í ti í gbàdúrà pé kí alẹ́ sàn wá ju òwúrọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá papòdà, iye màlúù tí a pa àti irú aṣọ tí ẹbí dá jọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀ bóyá àdúrà náà gbà. Ǹjẹ́ òṣùwọ̀n tí ó tọ́ nìyẹn? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a fi ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Òwúrọ̀ rẹ̀ korò: ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, tí a sì mú un lẹ́rú. Ọ̀sán rẹ̀ dára: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822; nígbà tí ó sì di 1864, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a yà sí bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Alẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dìde sí iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe lẹ́bàá odò Ọya. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì fi ojú bàbá tí ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún gbolẹ̀ nínú ìpàdé. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ètò bí ìjọ agbègbè ẹnu odò náà yóò ṣe dá dúró ni ó ń bá kiri títí ó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891.

Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó lè ní alẹ́ náà kò sàn. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá, tí òun jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ti jáde ní 1884. Ìyá rẹ̀, Àfàlà, tí ogun yà á nípa, ni ó tún rí ní Abẹ́òkúta ní 1846, tí ó sì ṣe ìrìbọmi fún. Ní 2014, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì ní gbangba nítorí ìwà tí a hù sí i.

Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà jẹ́ ọmọ. Olùkọ́ tí ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé Yorùbá lónìí, ara àwọn tí ń sin Crowther ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa, ìjà tí ẹ kò parí, ìtàn ìdílé tí ẹ kò sọ, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ de ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ro pé alẹ́ ṣì jìnnà: òwúrọ̀ ni a ti ń ṣẹ́ igi tí a ó fi yáná lálẹ́. Bí ayé bá yẹ̀yẹ́ wa nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kí ó bá ọwọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì bá ọkàn wa lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Alẹ́ tí ó sàn nìyẹn.