Orúkọ Tí Ó Yẹ Kọ̀ǹpútà Inú Rọ́bọ́ọ̀tì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá pe gbogbo kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí a ń fi sínú rọ́bọ́ọ̀tì ní “kọ̀ǹpútà kékeré” kò wo ilé rárá. Ara ọmọ nìkan ni ó wò. Kò yẹ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ méjì. Raspberry Pi 4, tí ó jáde ní ọdún 2019, kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ. Síbẹ̀ ó ń lo Linux, ó sì lè gbé odindi ROS 2, àkójọ ètò tí ń mú kí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rọ́bọ́ọ̀tì máa gbọ́ ara wọn yé. Raspberry Pi Pico ní tirẹ̀ jáde ní ọdún 2021 ní dọ́là 4 péré. Àyè ìrántí rẹ̀ jẹ́ kìlóbáìtì 264. Odindi ROS 2 kò lè wọ inú rẹ̀.

Nítorí irú Pico ni a ṣe ṣe micro-ROS. Pico lè yí mọ́tò, ó sì lè wọn bí ohun kan ti jìnnà tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dé àárín ROS 2 àfi bí ètò mìíràn, tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà tí ó tóbi jù ú lọ, bá gbà á, tí ó sì bá a sọ ọ́.

Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ méjèèjì mu ni “olùdarí àfibọ̀” fún Pico àti “alárinà” fún ètò tí ń bá a sọ̀rọ̀. Àfibọ̀ kò ní ṣe àjèjì sí olùkọ́ gírámà. Nínú gbólóhùn oníbọ̀, a máa ń fi gbólóhùn kan bọ inú òmíràn. Èyí tí a fi bọ̀ ń gbára lé olórí awẹ́ gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olùdarí àfibọ̀ ń gbára lé alárinà.

Ẹlòmíràn lè wí pé “kékeré” yá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè ṣì í lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbà pé kọ̀ǹpútà kan náà ni, pé títóbi nìkan ni ìyàtọ̀, lè di iṣẹ́ àyẹ̀wò àwòrán kámẹ́rà ru Pico. Èyí tí ó burú jù ni pé ó lè fi àṣẹ ìdúró sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ńlá nìkan. Bí wáyà bá já nígbà tí táyà ń yí lọ́wọ́, ta ni yóò dá rọ́bọ́ọ̀tì dúró? Ẹni tí a kọ́ pé olùdarí ni yóò kọ ọ́ sínú Pico fúnra rẹ̀ pé: bí ọ̀rọ̀ kò bá dé mọ́, dá táyà dúró.

Kí àwọn olùtumọ̀ fi “kékeré” sílẹ̀ fún àpèjúwe. Iṣẹ́ ni kí wọ́n fi sọ ẹ̀rọ lórúkọ.