Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ṣu gbuuru: kí ni yíìsì lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Ẹni tó bá fi owó èésú ra abo ẹlẹ́dẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹlẹ́dẹ̀ fi ń lóyún. Ó bímọ mẹ́wàá, inú olówó dùn, ó ti ń ṣírò iye tí òun máa tà wọ́n. Àfi bí wọ́n ṣe já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú tán tí ìgbẹ́ gbuuru wọlé dé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mẹ́ta ti kú, mẹ́ta mìíràn rù hangogo. Owó èésú ò sì mọ̀ pé ẹran kú. Ọjọ́ rẹ̀ pé, dandan ni kéèyàn san án.

Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó ṣe é. Inú ìfun lọ̀rọ̀ wà. Ìfun ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń mu ọmú dà bí aṣọ àrán: irun wẹ́wẹ́ ló bo inú rẹ̀, irun yìí ló ń fa oúnjẹ sára. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀rù á bà á, kò ní fẹ́ jẹun, irun àrán náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í re. Ààbò tó ń rí nínú omi ọmú ti tán, ààbò tara rẹ̀ ò sì tíì gbó. Ìgbà yẹn gan-an ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní E. coli máa ń gbilẹ̀. Nínú igbó, ẹlẹ́dẹ̀ lè fún ọmọ lọ́mú tó oṣù mẹ́ta. Èèyàn ló ń kánjú, tó ń já a ní ọ̀sẹ̀ 4.

Láyé ọjọ́sí, oògùn apakòkòrò ni àwọn ọlọ́sìn òyìnbó ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí kòkòrò bá ti mọ́ lára kì í ràn án mọ́, bó ṣe ẹran ló ń ṣàìsàn, bó ṣe èèyàn. Ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè Sweden fi fòfin dè é ní 1986 pé kí ẹnikẹ́ni má fi mú ẹran sanra mọ́. Gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù dé òpin rẹ̀ ní 2006. Láti ìgbà náà ni wíwá nǹkan mìíràn ti le sí i, yíìsì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí.

Yíìsì kì í ṣe àjèjì. Òun ló ń mú búrẹ́dì wú, òun ló ń mú ẹmu hó. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọmọ Faransé kan, Henri Boulard, rí i lápá Vietnam pé àwọn kan ń fi èèpo èso wo ìgbẹ́ gbuuru nígbà tí àrùn onígbáméjì ń jà. Ó yọ yíìsì kan jáde lára èso náà, àwọn dókítà sì ń lò ó fún èèyàn títí dòní. Irú yíìsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Kòkòrò àrùn máa ń dì mọ́ ara ìfun kó tó lè ṣe ibi. Bí yíìsì bá wà níbẹ̀, òmíràn á dì mọ́ yíìsì, bí ọmọ ìta tó so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò: ibi tí mọ́tò bá ń lọ ni yóò bá a dé. Bí yíìsì bá ti bá ìgbẹ́ jáde, kòkòrò náà bá a lọ nìyẹn. Ó tún ń jí ààbò ara ẹran dìde. Ṣùgbọ́n yíìsì kì í gbé inú ìfun pẹ́. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti tán.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lóko kan, ìgbẹ́ gbuuru máa ń dín kù, ẹran á sì dàgbà dáadáa. Lóko mìíràn, èèyàn ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Kò lè ṣiṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, omi tó mọ́ àti omi ọmú àkọ́sun tó yẹ kí ọmọ mu lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹni tó bá sì sọ pé ó ń wo àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀, irú èyí tó run ẹran ní Òkè-Àrò lọ́dún 2020, irọ́ ló ń pa.

Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó ra èyí tí wọ́n ṣe fún ẹran, kó wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí, kó sì tẹ̀lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kó má fi omi gbígbóná pò ó. Iná ń pa yíìsì. Èérí ọtí bíà kò lè rọ́pò rẹ̀, oúnjẹ lásán ni. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn kó tó já wọn lẹ́nu ọmú, kó má dúró di ìgbà tí ìgbẹ́ bá dé. Èyí tó bá ti ń ṣu, omi ló nílò kíákíá, kí wọ́n sì pe dókítà ẹran.

Kó tó náwó púpọ̀, kó pín àwọn ọmọ sí méjì nínú ilé kan náà: kó fún apá kan ní yíìsì, kó má fún èkejì. Kó wọ̀n wọ́n, kó sì ka iye tó ṣu gbuuru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní nílò kí ẹni tó ń tajà sọ fún un bóyá ó tó owó tí òun ná.