Ọwọ́ Òsì Kọ́ La Fi Ń Júwe Ilé Bàbá Ẹni

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè gbé mì. Ní àdúgbò wa ní Basin, ní Ìlọrin, bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ń múra láti kó ẹbí wọn lọ lo ọlidé ní Sri Lanka, erékùṣù olóoru tó wà ní ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè Íńdíà. Wọ́n ti ń tọ́jú owó bàálù, wọ́n ti ń wá físà, wọ́n sì ti kọ gbogbo ibi tí wọn yóò dé sínú ìwé. N kò bá ìrìn-àjò jà. Ẹni tí kò jáde nílé kò lè mọ bí ayé ṣe fẹ̀ tó. Òṣùwọ̀n méjì ni mo ń bá jà: ọ̀kan fún ohun àtijọ́ àwọn ẹlòmíràn, ọ̀kan fún tiwa.

Kí ni wọ́n fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Yàtọ̀ sí etí òkun àti oko tíì, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀sìn Búdà ló ń fa àlejò lọ sí Sri Lanka. Ẹ̀sìn náà ti lé ní 2,200 ọdún níbẹ̀. Igi mímọ́ kan wà ní Anuradhapura tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ayé àtijọ́. Tẹ́ńpìlì kan wà ní Kandy tí wọ́n ní eyín Búdà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ tẹ́ńpìlì gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, kó ṣí fìlà, kó sì wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn sí ère Búdà láti ya fọ́tò. Bàbá náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní òfin wọ̀nyí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni.

Èsìẹ́ wá ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Kwárà wa yìí ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ọkọ̀ kì í rin wákàtí méjì láti Ìlọrin kó tó débẹ̀. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀: ọkùnrin àti obìnrin, àwọn tó jókòó lórí àpótí, àwọn tó di ohun ìjà mú. Ní 1933, alábẹ̀wò ilé-ìwé kan tó ń jẹ́ Ramshaw kọ ìròyìn nípa wọn. Ní 1945, wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ síbẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Títí di òní, kò sí onímọ̀ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni báyìí ló gbẹ́ wọn. Ìtàn ìlú sọ pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta.

Nígbà tí olùkọ́ wa fẹ́ kó wa lọ síbẹ̀, bàbá kan náà kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ọmọ wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní í lọ wo òrìṣà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Báwo ni ère tó wà lókè òkun ṣe di ìṣẹ̀ǹbáyé, tí èyí tó wà nítòsí sì di òrìṣà?

Mùsùlùmí ni èmi náà. Ní 1344, Ibn Battuta, Mùsùlùmí tó rin ayé já, dé Sri Lanka yìí kan náà. Ó gun òkè kan tí ojú ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní ẹsẹ̀ Ánábì Ádámà ni, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ti Búdà ni. Ó bá àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn rin ọ̀nà náà, ó ròyìn ohun tó rí, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ká wo nǹkan yàtọ̀ sí ká sìn ín.

Àwọn mìíràn á ní Èsìẹ́ kò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá, kò gbayì bíi ti òkè òkun. Ta ni yóò tún ibi tí onílé kì í yà ṣe? Ní Sri Lanka, àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀, nínú yunifọ́ọ̀mù funfun wọn, ń tò lọ wo Anuradhapura àti òkè Sigiriya. Onílé mọyì ilé rẹ̀ kí àlejò tó bá a mọyì rẹ̀. Tí ọmọ ibẹ̀ bá bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Kí ló wà nílùú tiyín?", kí ni kó sọ?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ tún gbé ìwé náà wá ní táàmù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Sri Lanka, kó kọ́kọ́ fi ọjọ́ Sátidé kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Èsìẹ́. Kò gba físà.