Ta Ló Ń San Owó Ọjà Tó Padà?

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa, tó ń ta bàtà lórí fóònù ní Àgbowó, gbé ọ̀rọ̀ kan wá bá wa. Oníbàárà kan ní Ring Road ní kí ó fi bàtà ránṣẹ́, pé tó bá dé ni òun yóò sanwó. Ọlọ́kadà wá ilé náà títí, kò sí nọ́ńbà lára ògiri. “Ilé onígéètì dúdú lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí” ni àdírẹ́sì tí wọ́n fún un. Nígbà tí yóò fi débẹ̀, oníbàárà ní òun kò fẹ́ mọ́. Arábìnrin wa ló san owó àlọ àti àbọ̀. Èrè bàtà mẹ́ta bá a lọ. Ó wá bi wá pé, “Pásítọ̀, ṣé bó ṣe ń ṣe gbogbo wa nìyí, àbí èmi nìkan?”

Ìbéèrè yìí ló mú wa ṣí ìwé àwọn olùwádìí. Láti ìgbà tí Jumia àti Konga ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kọ̀wé lórí òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú èyí tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ohun kan náà ni wọ́n sábà ń béèrè: kí ló dé tí àwọn ènìyàn kò fọkàn tán ọjà tí wọn kò rí? Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì máa ń bi jù. (Bóyá nítorí pé àwọn ló wà nítòsí!) A kò rí èyí tó tẹ̀lé ọlọ́kadà láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó ka ilé tó wá tì, ẹrù tó gbé padà, àti ẹni tó san án.

Ilé-iṣẹ́ ńlá ń ka tirẹ̀. Nígbà tí Jumia wọ ọjà tí wọ́n ti ń ta ṣíà ní New York ní oṣù kẹrin 2019, ó sọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bíi 14 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ọjà tí àwọn ènìyàn bèèrè fún ní 2018 ni kò dé ọwọ́ wọn tàbí ni wọ́n dá padà. Ta ló ń ka ti ẹni tó jẹ́ pé WhatsApp ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Yunifásítì Ìbàdàn kò sì jìnnà sí Àgbowó, títì ló là wọ́n láàárín.

Bí ilé tí a kò rí ló ń dá ọjà padà, àpèjúwe ọ̀nà ni a ó tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọkàn tó yí padà, kí a kọ́kọ́ gba owó ọkọ̀ ni. Oògùn méjèèjì kò jọra. A ti ní kí arábìnrin wa ra ìwé kan, kí ó máa kọ èyí tó lọ, èyí tó padà, àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú òwò yìí ní Bódìjà tàbí Challenge, ẹ kọ tiyín náà, kí ẹ mú un wá.