Ẹ Kọ́kọ́ Wá Wo Ilẹ̀ Náà

Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé kí ìgbìmọ̀ ìlú wa ní Ohio má yọ̀ǹda fún aládùúgbò mi láti kọ́ yàrá fún ìyá rẹ̀ kò dé ilẹ̀ náà rárá. Ilẹ̀ yẹn fẹ̀ níwájú, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn. Èmi ni mo bá a di téèpù mú: bó bá fi gbogbo àlàfo tófin ní kó wà láàárín ilé àti ààlà sílẹ̀, yàrá ìyá rẹ̀ kò ní gbà ju bẹ́ẹ̀dì lọ.

Lóòótọ́, ẹjọ́ tó kan ìlú Euclid, ní Ohio yìí kan náà, ló fìdí àṣẹ ìlú lórí ìlò ilẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1926. Ṣùgbọ́n òfin fàyè gba ìyọ̀ǹda fún ìnira tó ti ara ilẹ̀ wá, tí kì í ṣe àfọwọ́fà. Yàrá ni aládùúgbò mi ń tọrọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ wá fojú ara yín rí i kẹ́ ẹ tó dìbò.

Aládùúgbò kan,
Ohio