Àwòrán Wà Nínú Fóònù, Ìtumọ̀ Wà Lọ́dọ̀ Àgbà



Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Benin, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà wà nínú ètò ìjọba. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni éducation artistique. Ó wà nínú ètò náà gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni olùkọ́ yóò fi kọ́ ọ? Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, kò sí ọ̀dà, kò sí ìwé àwòrán. Pátákó àti ẹfun ìkọ̀wé nìkan ni ó wà. Olùkọ́ á ní: «Ẹ ya ohun tí ó bá wù yín.» Ọmọ á ya ilé, á ya mọ́tò. Agogo á lù, ẹ̀kọ́ á parí.

Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn? Èmi sọ pé rárá.

Àwọn kan ní fóònù ni yóò tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Àwọn mìíràn ní fóònù ń ba ọmọ jẹ́, kí ó má wọ kíláàsì rárá. Ohun tí èmi rò nìyí: fóònù lè mú àwòrán wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà ni ẹ ó mú ìtumọ̀ wá. Bí ọ̀kan bá wá láìsí èkejì, ẹ̀kọ́ náà kò pé.

Ẹ jẹ́ kí a fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ pé ó jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àtijọ́ kò sí nílé mọ́. Wọ́n wà ní òkè òkun, nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kì í sì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan. Felwine Sarr àti Bénédicte Savoy kọ ìwé ìròyìn kan fún ìjọba Faransé ní 2018. Wọ́n ní ohun tí ó lé ní 3,000 láti ilẹ̀ Benin wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé quai Branly ní Paris. Ní 2021, Faransé dá 26 padà, èyí tí àwọn ọmọ ogun wọn kó ní Abomey ní 1892. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 26 nínú ohun tí ó lé ní 3,000. Nígbà wo ni ọmọ wa yóò fi ojú rí ìyókù?

Ibí yìí ni fóònù ti wúlò. Quai Branly ti fi àwòrán ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York gba gbogbo ènìyàn láyè ní 2017 láti lo àwòrán tí ó lé ní 375,000 lọ́fẹ̀ẹ́. UNESCO fi àwòrán àti fídíò ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá lè kọ «masque Gelede» lè wá wọn rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lè kọ ọ́. Kò pọn dandan kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fóònù. Fóònù olùkọ́ kan tó. Kí ó kó àwòrán mẹ́wàá pamọ́ sínú rẹ̀ níbi tí mẹ́gà bá wà. Ní kíláàsì, kò ní nílò mẹ́gà mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ àwòrán náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí «Yorùbá». Ẹ ó rí «igi». Bí ẹ bá wá orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ẹ kò ní rí i. Ṣé ère náà gbẹ́ ara rẹ̀ ni? Rárá. Ó ní ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ó ní ìyá tí ó bí i, ó ní àdúgbò tí ó ń gbé. Àwọn tí ó gbé ère náà lọ kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ẹni tí a kò mọ̀.

Àléébù mìíràn tún wà. Nínú àwòrán, orí igi nìkan ni a máa ń rí, tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Ọmọ kò ní mọ̀ pé àtàrí ni wọ́n ń gbé e lé, tí aṣọ sì ń bo ojú oníjó. Kò ní gbọ́ ìlù. Kò ní mọ̀ pé àwọn ìyá wa ni a ń fi ijó náà bu ọlá fún. Lónìí pàápàá, ẹ̀rọ lè ya àwòrán ère tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí. Ta ni yóò sọ fún olùkọ́ pé irọ́ ni? Ẹ̀yin ni.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ mọ bí a ṣe ń tẹ fóònù. Ẹ̀yin mọ ohun tí àwòrán náà jẹ́. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ pé: «Èmi kò mọ̀wé tó, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́?» Bí ẹ bá jẹ́ aláró, ẹ mú ẹ̀lú lọ fi han àwọn ọmọ. Bí ẹ bá jẹ́ amọ̀kòkò, ẹ mú amọ̀ lọ. Ẹfun, osùn àti èédú lè di ọ̀dà fún wọn, owó wọn kò sì pọ̀. Bí agbẹ́gilére bá wà ní àdúgbò yín, kí olùkọ́ fi àwòrán inú fóònù hàn án, kí ọmọ bi í léèrè, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ọnà kì í bọ́ ènìyàn. Ẹ bi aránṣọ, ẹ bi káfíńtà, ẹ bi onídìrí, bóyá ojú àti ọwọ́ tí ó mọ ọnà kò bọ́ wọn. Ẹ wo Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní 1962. Bídọ̀ oníke tí a ń jù nù ni ó fi ń ṣe ojú ènìyàn. Ní 2007, British Museum pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán wọn wà nínú fóònù. Bídọ̀ sì wà ní àkìtàn gbogbo ìlú wa.

Àwọn mìíràn yóò ní awo kò yẹ kí ó di ohun tí ọmọdé ń fi fóònù wò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ìran gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo ojú. Fóònù kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Èyí tún jẹ́ ìdí tí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ bi yín kí ó tó fi àwòrán han ọmọ.

Agbẹ́gilére tí ó ti dàgbà kò ní wà láàyè títí láé. Bí ó bá lọ láìjẹ́ pé a kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí àwọn àlejò ṣe sí àwọn bàbá wa ni àwa náà ṣe sí i. Àwọn àlejò lè ní àwọn kò gbọ́ èdè wa. Kí ni àwa yóò sọ? A gbọ́ èdè, a sì ti mọ̀wé kọ.

Lọ́la, ẹ bi ọmọ yín ní ohun tí wọ́n yà ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín: ta ni agbẹ́gilére tí ó dàgbà jù ní ìlú wa? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín.