Ẹ gba ìwé kànga kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá, kì í ṣe ti òjò, kì í ṣe ti odò. Omi tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ni.

Lóde òní, bí wọ́n bá gbẹ́ fọráàjì fún ìlú kan, a óò pa àgọ́, a óò lu ìlù, mẹ́rì yóò sọ̀rọ̀, wọn yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ lé baálẹ̀ lọ́wọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó sọ ohun tí ẹ̀rọ bá pàdé nínú ilẹ̀, mítà dé mítà, ta ló gbà á? Lójú tèmi, ìwé yẹn níye lórí ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Láti Kétu sọ̀kalẹ̀ lọ sí Pobè àti Àjàṣẹ́ títí dé etí òkun, ohun tí odò àti òkun kó jọ ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ya ara wọn, òkun rí ọ̀nà wọlé. Láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù 95 ọdún sí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, ó ń wọlé, ó ń fà sẹ́yìn. Omi rẹ̀ kò jìn níhà ibí. Odò ń kó yanrìn wá láti òkè, ìgbì sì ń fọ̀ ọ́ ní etíkun bí ìyá ṣe ń ṣan ìrẹsì. Amọ̀ tí ó fúyẹ́ á bá omi lọ, á lọ balẹ̀ níwájú níbi tí omi ti dákẹ́. Bí òkun bá tún wọlé, amọ̀ á bo yanrìn. Bí ó bá fà sẹ́yìn, yanrìn á tún bo amọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to ara wọn jọ, ìpele lórí ìpele, bí aṣọ nínú àpótí.

Ẹ bu ẹ̀wà kún ìgò, kí ẹ wá da omi sí i. Ìgò ti kún, síbẹ̀ omi á rí àyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yanrìn ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣe ń gba omi. Kì í ṣe odò tí ń ṣàn nínú ihò, bí àwọn kan ti ń sọ. Níbi tí ìgbì ti fọ yanrìn mọ́, àlàfo àárín hóró pọ̀, wọ́n sì já sí ara wọn, omi á lè rìn. Níbi tí amọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ọn, tàbí tí ìwúwo ilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pa, tí ohun bíi símẹ́ǹtì ti lẹ hóró mọ́ra, omi lè wà ńbẹ̀ kó má lè jáde. Amọ̀ tí ó wà lókè ni ìdérí. Omi tí a dé mọ́ ìsàlẹ̀ báyìí máa ń ní agbára. Ẹ wo Possotomé lẹ́bàá adágún Ahémé, omi gbígbóná ń ti ara rẹ̀ rú jáde níbẹ̀.

Epo Sèmè pàápàá, inú yanrìn ìgbàanì lábẹ́ òkun ni wọ́n ti rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ní 1982, wọ́n dáwọ́ dúró ní 1998. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ padà síbẹ̀, ìwé àwọn kànga àtijọ́ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ṣé epo nìkan ló yẹ ká kọ ìwé fún ni? Omi ńkọ́?

Ní Ṣábẹ, ilẹ̀ yàtọ̀. Òkúta líle ló wà níbẹ̀, inú ibi tí òkúta ti là ni omi ń gbé. Kànga kan lè ní omi, kí èkejì tí kò jìnnà sí i gbẹ táútáú. Ní Kétu, omi wà nínú yanrìn, ṣùgbọ́n ó jìn, àwọn baba wa sì mọ ìyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó rí omi ní Ṣábẹ kò lè fi ọgbọ́n kan náà gbẹ́ ti Kétu. Bí ó bá dúró nínú amọ̀ tí kò dé yanrìn, owó ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ìwé ni yóò sọ fún wa bóyá ó dé ibẹ̀ tàbí kò dé.

Àwọn kan á ní, “Omi Ọlọ́run ni, ta ló lè fà á tán?” Òjò ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Omi ìjìnlẹ̀ lè ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ wo Godomey tí ń fún Kútọ̀nú ní omi. Yanrìn tibẹ̀ kò dàgbà tó tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: bí a ti ń fà á lápọ̀jù, omi iyọ̀ láti adágún Nokoué ń sún mọ́ kànga. Iyọ̀ tó bá wọ yanrìn, kò yá láti lé jáde.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún. Àkọ́kọ́, kí ìwé fọráàjì kọ̀ọ̀kan wà ní ààfin, kó wà ní ọ́fíìsì mẹ́rì, kó sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Èkejì, kí ẹ má fàyè gba ṣáláńgá, ààtàn, tàbí ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí nítòsí kànga, àti níbi tí yanrìn ti yọ síta tí òjò ń gbà wọlé. Ẹ̀kẹta, kí ẹnìkan máa wọn bí omi ti jìn sí lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Okùn kan àti ìwé kékeré kan tó fún un níbi tí kànga bá ti ṣí sílẹ̀.

Òfin 2010-44 lórí omi ní ilẹ̀ Benin ti sọ pé ogún gbogbo orílẹ̀-èdè ni omi. Ogún tí a kò bá kọ sílẹ̀, ìjà ló ń dà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa, bí wọ́n bá tún pè yín wá gba kọ́kọ́rọ́ fọráàjì, kí onílù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n pé: “Ìwé rẹ̀ dà?”